Ìtàn Ayé René Caillié, Ẹni tí Ó Dá Lọ sí Tìmbúkútù

Ó dá wa lójú pé kò sí ọ̀kan nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé wa yìí tí kò tíì gbọ́ orúkọ Mungo Park, tàbí ti Clapperton àti ìránṣẹ́ rẹ̀ Richard Lander, àwọn tí ó la ilẹ̀ Yorùbá kọjá láti Àgbádárìgì títí dé Ọ̀yọ́ Ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi àwọn ẹlẹgbẹ́ wa léèrè nípa René Caillié, ẹnu yà wá pé ẹni mélòó kan péré ni ó rí nǹkan sọ. Ará Faransé ni ọkùnrin náà. Nínú gbogbo àwọn òyìnbó tí ń du ọ̀nà Tìmbúkútù ní ìgbà ayé rẹ̀, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó wọ ìlú náà tí ó sì padà sí ilé láàyè láti ròyìn ohun tí ó rí. Kò ní ọmọ ogun lẹ́yìn, kò ní àsíá, kò sì ní ìránṣẹ́ kan tí yóò bá a dé òpin ọ̀nà. Ìdí nìyí tí àwọn òǹkọ̀wé fi máa ń sọ pé òun nìkan ni ó lọ.

Ọ̀rọ̀ kan náà, pé òun nìkan, ni ó mú wa dúró. Àwa tí a bí ní Ìdànrè, tí àwọn baba wa ti gbé orí òkè kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, mọ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ ru ẹrù gun àtẹ̀gùn tí ó ju 600 lọ kì í sábà dá a gùn. Ẹnìkan ni yóò gbé ẹrù rù ú, ẹnìkan ni yóò bá a sọ̀ ọ́ ní ibùsinmi, ẹlòmíràn ni yóò bu omi fún un mu. Nítorí náà a fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin yìí, kí a sì máa wo àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ bí a ti ń lọ.

A bí i ní ọjọ́ 19 oṣù November, 1799, ní Mauzé, ìlú kékeré kan ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Iṣẹ́ búrẹ́dì ni baba rẹ̀ ń ṣe, ṣùgbọ́n kí a tó bí ọmọ náà ni a ti dá baba náà lẹ́bi olè jíjà, tí a sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 12 pẹ̀lú iṣẹ́ líle ní Rochefort. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní 1808. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e ní 1811. Báyìí ni René di ọmọ òrukàn nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 12, tí ó ku òun àti Céleste ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Àwọn ẹbí fi í sọ́dọ̀ aránbàtà kan kí ó kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ìwé ni ọkàn rẹ̀ wà. Ó ka ìtàn Robinson Crusoe, ó sì ń wo àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà, ní ibi tí àwọn ayàwòrán ti fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ó di olùkọ́ láìpẹ́, ẹ rántí ọmọ yìí nígbà tí ẹ bá rí ọmọ aláìníbaba kan tí ó ń wo àwòrán ayé lára ògiri nígbà tí àwọn yòókù ń ṣeré lóde.

Ní 1816, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 16, ó kó 60 fránkì sínú àpò, ó sì bá ọkọ̀ ojú omi kan tí à ń pè ní Loire lọ sí Sẹ̀nẹ̀gà. Ọ̀wọ́ ọkọ̀ kan náà ni Méduse wà, èyí tí ó fọ́ sí etí òkun Áfíríkà nínú ìrìn-àjò náà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ṣègbé. Lẹ́yìn èyí ó bá àwọn kan tí ń kó ẹrù lọ bá Major Gray, ará Gẹ̀ẹ́sì, lọ sí ilẹ̀ Bondu. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ mọ ohun tí òùngbẹ ń jẹ́. Àìsàn dá a padà sí Faransé, ṣùgbọ́n ní 1824 ó tún dé.

Ìgbà yìí ni ó ṣe ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí ó ti lọ ṣáájú. Ó ti wòye pé òyìnbó tí ó bá wọ aṣọ òyìnbó, tí ó kó ẹrù òyìnbó, ni gbogbo ayé yóò máa fura sí. Nítorí náà ó lọ bá àwọn Mọ́ọ̀ Brakna, àwọn darandaran aṣálẹ̀ tí ń gbé ní àríwá odò Sẹ̀nẹ̀gà, ó sọ fún wọn pé òun fẹ́ di Mùsùlùmí. Ó bá wọn gbé fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, ó ń kọ́ èdè Lárúbáwá àti Kùránì, ó ń fara da ebi àti ẹ̀sín. Àwọn wọ̀nyí ni olùkọ́ rẹ̀. Bí kò bá ṣe ohun tí ó kọ́ lọ́dọ̀ wọn, kì bá tí rìn ju ìlú mẹ́ta lọ.

Nígbà tí ó padà dé Saint-Louis, ó bẹ ìjọba Faransé pé kí wọ́n fún òun ní 6,000 fránkì láti fi lọ sí Tìmbúkútù. Wọn kò fún un. Ó kọjá lọ sí Sierra Leone, níbi tí Gómìnà Turner ti fi í ṣe alábòójútó ilé-iṣẹ́ kan tí a ti ń fi èlú ṣe aró. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà kò fẹ́ fi owó rán an, nítorí ọmọ ilẹ̀ wọn, Major Laing, wà lójú ọ̀nà Tìmbúkútù. Ṣùgbọ́n Caillié fi sùúrù pa owó mọ́ títí ó fi ní 2,000 fránkì. Ó sì ti gbọ́ pé Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ilẹ̀ Ayé ní Paris ti ṣèlérí 10,000 fránkì fún ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé Tìmbúkútù tí ó sì padà. Ó pinnu pé yálà òun yè tàbí òun kú, ẹ̀bùn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti òun. Bí òun kò bá sì sí láyé láti gbà á, kí Céleste gbà á.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ ní Freetown yìí. Ìlú yìí ni ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé Àjàyí, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, gúnlẹ̀ sí ní 1822 lẹ́yìn tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn tí ń kó ẹrú. Ìlú àwọn ọmọ tí a jí gbé ni, àti ti Yorùbá àti ti ilẹ̀ mìíràn, tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ bóyá àwọn yóò tún fojú kan ìyá tí ó bí wọn. Láti ìlú yìí ni Caillié ti gbéra, ìtàn tí ó sì mú dání ni pé ọmọ tí a jí gbé ni òun. Ó ní Lárúbáwá ni àwọn òbí òun, pé ní Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì ni a bí òun sí, pé àwọn ọmọ ogun Napoleon ni ó kó òun lọ sí Faransé nígbà tí òun wà ní kékeré, pé ọ̀gá òun mú òun wá sí Sẹ̀nẹ̀gà ó sì dá òun sílẹ̀, àti pé nísinsìnyí òun ń wá ọ̀nà padà sọ́dọ̀ àwọn ẹbí òun àti sínú ẹ̀sìn àwọn baba òun. Abdallahi ni ó pe ara rẹ̀.

Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. A kò lè fi aṣọ bò ó, nítorí orí irọ́ yìí ni ó jókòó lé jẹ gbogbo oúnjẹ tí àwọn ènìyàn fún un láti ìgbà náà lọ. Àwọn kan nínú kíláàsì wa sọ pé kò sí ọ̀nà mìíràn, àti pé pípa ni wọn ì bá pa á bí ó bá sọ òtítọ́. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wọ̀ wá lọ́kàn ni ìdí tí irọ́ náà fi jẹ́ ìtẹ́wọ́gbà ní gbogbo ìlú tí ó dé. Ní ọjọ́ wọ̀nnì, kò sí agbo ilé tí kò mọ̀ pé a lè jí ọmọ gbé. Ẹni tí ó bá sọ pé a jí òun gbé ní kékeré, pé ilé ni òun ń lọ, ta ni yóò fi omi dù ú?

Ní ọjọ́ 19 oṣù April, 1827, ó fi Kakondy létí odò Nunez sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ́ kékeré kan ti àwọn alájàpá Màndíngò. Ọjọ́ mẹ́fà péré ṣáájú ni Clapperton ti kú nítòsí Sókótó, ṣùgbọ́n Caillié kò lè mọ̀. Ẹsẹ̀ ni ó fi ń rìn. Ó la òkè Futa Jallon kọjá, ó gba Kouroussa sọdá odò Ọya, ó sì dé Kankan nínú oṣù June. Ó máa ń jókòó sí ìdí igbó bí ẹni tí ń ka Kùránì, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fi pẹ́ńsùlù kọ ohun tí ó rí sínú ìwé pélébé: orúkọ ìlú, ibi tí ọ̀nà kọrí sí, iye wákàtí tí wọ́n rìn. Ní Kankan, ẹni tí ó gbà á sílé jí nínú ẹrù rẹ̀. A kò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo ẹni tí ó bá pàdé ni ènìyàn rere.

Ní ọjọ́ 3 oṣù August ó dé Tiémé, abúlé kan tí ó wà ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire ti òde òní. Egbò ti dá sí i lẹ́sẹ̀ tí kò fi lè rìn mọ́. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, ilẹ̀ tútù ni ó sì ń sùn lé. Ó gbà sílé ọkùnrin kan tí à ń pè ní Baba, ìyá Baba arúgbó sì ni ó ń tọ́jú ẹsẹ̀ náà. Nígbà tí egbò fẹ́ jinná, tí ó sì ń múra ọ̀nà, àìsàn tí ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ kọlù ú. Àrùn yìí ni ó máa ń mú àwọn atukọ̀ tí kò rí èso àti ewébẹ̀ tútù jẹ fún ìgbà pípẹ́: ẹran ìdí eyín a máa jẹrà, eyín a máa mì. Ti Caillié pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí eegun àjà ẹnu rẹ̀ fi ń já bọ́. Egbò ẹsẹ̀ tún là. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bí òun tìkára rẹ̀ ti kọ ọ́, kò lè jẹ nǹkan kan bí kò ṣe ìrẹsì tí a sè pẹ̀lú omi rẹ̀. Ó ń gbàdúrà kí ikú wá.

Ìyá arúgbó yìí kò fi í sílẹ̀. Ó ń gbé omi ìrẹsì wá fún un lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó sì ń rọ̀ ọ́ kí ó mu ún. Ó wá igi pupa kan rí, ó sè é, ó sì ní kí ó máa fi omi rẹ̀ fọ ẹnu. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí jinná. Oṣù márùn-ún ni ó lò ní Tiémé. Kì í ṣe ìbátan obìnrin náà, kì í ṣe ará ìlú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀bùn kan ní Paris fún ẹni tí ó bá tọ́jú aláìsàn. Nínú ìwé tí Caillié kọ lẹ́yìn náà, ó yìn ín dáradára. Ṣùgbọ́n ìyá Baba ni ó pè é. A mọ orúkọ ọkọ̀ tí ó gbé e wá láti Faransé. A kò mọ orúkọ obìnrin tí ó gbà á lọ́wọ́ ikú.

Ní ọjọ́ 9 oṣù January, 1828, ó tún bọ́ sí ọ̀nà. Àwọn alájàpá tí ń ru obì lọ tà ní Djenné ni ó bá lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ obì mọ̀ bí ẹrù rẹ̀ ti wúwo tó, àti bí a ti í ṣe ìtọ́jú ewé tí a fi ń dì í kí ó má baà gbẹ. Àwọn obìnrin inú ọ̀wọ́ náà a ru ẹrù obì sórí láti òwúrọ̀, nígbà tí wọ́n bá sì dé ibùsùn, àwọn náà ni yóò wá igi, tí yóò pọn omi, tí yóò se oúnjẹ tí gbogbo èrò yóò jẹ. Caillié jẹ nínú rẹ̀. Ó rìn báyìí fún oṣù méjì, ó sì wọ Djenné ní ọjọ́ 11 oṣù March. Láti ibẹ̀ ó wọ ọkọ̀ ojú omi lórí odò Ọya, ó sì wọ Tìmbúkútù ní ọjọ́ 20 oṣù April, 1828, bí oòrùn ti ń wọ̀. Ọdún kan àti ọjọ́ kan ni ó ti fi kúrò ní Kakondy.

Ìlú tí gbogbo Europe ti rò pé wúrà ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀, ilé alámọ̀ ni ó rí láàárín yanrìn, ní ibi ìdákẹ́rọ́rọ́ tí ẹyẹ kò ti kọrin. Ó já a kulẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ọgbọ́n láti ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí, kò sì fi kún un láti dùn mọ́ àwọn tí ń retí wúrà. Nínú gbogbo ìwà rẹ̀, èyí ni a fẹ́ràn jù lọ: ẹni tí ó purọ́ nípa ara rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà kò purọ́ nípa ohun tí ó lọ wò. Ọlọ́jà ńlá kan, Sidi Abdallahi Chebir, ni ó gbà á sílé, ó bọ́ ọ, kò sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tilẹ̀ fẹ́ kí ó dúró, pé òun yóò ràn án lọ́wọ́ láti ṣòwò. Nítòsí ibẹ̀ ni ilé tí Major Laing ti gbé wà. Laing ti dé Tìmbúkútù ní August 1826, ṣùgbọ́n wọ́n pa á lójú ọ̀nà nígbà tí ó jáde kúrò nínú ìlú náà. Caillié gbọ́ ìròyìn ikú rẹ̀, ó sì dákẹ́.

Ní ọjọ́ 4 oṣù May, ọ̀wọ́ ràkúnmí 600 ń lọ sí àríwá. Onílé rẹ̀ dá a dúró kí ó jẹun òwúrọ̀ tán, nígbà tí ó sì jáde, ọ̀wọ́ ti lọ. Ó sáré nínú yanrìn tẹ̀ lé wọn, àwọn ẹrú mẹ́ta tí àwọn náà dúró dágbére fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì ń bá a sáré. Nígbà tí ó bá wọn, ó ṣubú lulẹ̀ láìmọ ara rẹ̀ mọ́, wọ́n sì gbé e lé orí ràkúnmí kan tí ó ti ru ẹrù. Ní Araouane, ibi tí ó jìnnà tó ìrìn ọjọ́ mẹ́fà, àwọn ọ̀wọ́ mìíràn dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n sì di ràkúnmí 1,400 àti ọkùnrin 400. Wọ́n ru wúrà, eyín erin, oje igi, ìyẹ́ ògòǹgò àti aṣọ. Wọ́n sì kó ẹrú.

Aṣálẹ̀ Sàhárà kò ní igi tí a lè sá sí abẹ́ rẹ̀. Oru ni wọ́n ń rìn, bí oòrùn bá sì mú wọn a pàgọ́. Omi tí wọ́n gbé sínú àpò awọ ń gbẹ lójú wọn, nítorí ìjì gbígbóná ń fà á mu kúrò lára awọ. Caillié ń tọrọ omi láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn Mọ́ọ̀ fi í ṣẹlẹ́yà, wọ́n ń fi imú rẹ̀ wé ti ràkúnmí. Nígbà tí wọ́n dé kànga Télig, yanrìn ti dí wọn. Nígbà tí wọ́n wà á tí omi iyọ̀ iyọ̀ díẹ̀ sun jáde, Caillié ki orí bọ àárín orí àwọn ràkúnmí ó sì bá wọn mu.

Ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú pé òun ń gbọ́ igbe àwọn ọmọdé tí a ń kó lọ tà, tí wọ́n ń sunkún omi. Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ti rí. Ọkùnrin kan jókòó lórí ràkúnmí tí ó ti sọ fún gbogbo ayé pé a jí òun gbé ní kékeré, pé òun ń padà sílé, nítorí èyí sì ni wọ́n ṣe gbé e. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ tí a jí gbé ní tòótọ́ wà, wọ́n ń jìnnà sílé sí i ní gbogbo ìṣísẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ibi tí a ti bí wọn. Nígbà tí a bá ka àwọn tí ó la Sàhárà já ní 1828, àwọn náà wà níbẹ̀.

Ó dé Fez ní ọjọ́ 12 oṣù August, ó sì wọ Tangier ní ọjọ́ 7 oṣù September, pẹ̀lú àkísà lára bí alágbe. Ọjọ́ 507 ni láti Kakondy. Delaporte, aṣojú ìjọba Faransé níbẹ̀, ni ẹni ìkẹyìn tí ó fi ara wewu nítorí rẹ̀: ó fi í pamọ́ sínú ilé, ó wọ̀ ọ́ ní aṣọ atukọ̀, ó sì rán an lọ sínú ọkọ̀ ogun Faransé kan tí ó gbé e dé Toulon.

Paris fún un ní 10,000 fránkì, ìjọba fún un ní oyè Légion d'honneur àti owó ìfẹ̀yìntì. Ọ̀mọ̀wé Jomard bá a to ìwé rẹ̀, èyí tí ó jáde ní 1830 ní apá mẹ́ta. Ṣùgbọ́n àwọn kan ní Gẹ̀ẹ́sì kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní ọmọ aránbàtà kan kò lè ṣe ohun tí ológun kò lè ṣe láìkú, àti pé bóyá ìwé Laing ni ó bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìyà tí ó ń jẹ onírọ́ nìyẹn, bí àwọn àgbà wa yóò ti wí, pé ọjọ́ tí ó bá sọ òtítọ́ a ó ní kí ó mú ẹ̀rí wá. Gbogbo ẹ̀rí Caillié sì wà ní Tiémé, ní Djenné, àti ní ilé Sidi Abdallahi.

Ó gbé ìyàwó, ó bímọ, ó sì ṣe olórí ìlú kékeré kan. Àìsàn tí ó kó bọ̀ láti ọ̀nà kò fi í sílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 17 oṣù May, 1838, ní ẹni ọdún 38, wọ́n sì sin ín sí Pont-l'Abbé. Ní 1853, Heinrich Barth, ará Jámánì, wọ Tìmbúkútù, ó wo ìlú náà káàkiri, ó sì jẹ́rìí pé òtítọ́ ni ohun tí Caillié kọ.